Kóró Àárín

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Fiditi. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ojú kì í sinmi mọ́. Mo mọ ọmọ tó kọ ìdáhùn sí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo mọ àwọn méjì tí wọ́n ń fi ikọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n rò pé mo gbà pé òtútù ló mú wọn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí Ọ̀gá Olúṣínà wá bá mi pé kí n wá máa yẹ ọ̀rá wò ní ilé-iṣẹ́ tí òun dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ilora, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tíṣà sáyẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ mú ni òun ń wá. Mo ní ó ti rí i.

Ọ̀rá wa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sí o. Ìpele mẹ́ta ló ní, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú ń rí. Kóró rọ́bà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń dà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yọ́ kálukú lọ́tọ̀, gbogbo wọn á wá pàdé lẹ́nu kan tó rí roboto, wọ́n á sì jáde pọ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ wọn sókè bíi bàlúùnù tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, títí tí yóò fi tutù, tí irin méjì á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò sì ká. Ìpele òde ló ń jẹ ìyà. Ti inú ló ń jẹ́ kí ẹnu ọ̀rá lẹ̀ pọ̀. Ti àárín ló wọ́n jù, torí òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé bá oúnjẹ. Ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Bí ẹnìkan bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ojú lásán kò ní mọ̀. Ohun tó ń já mi láyà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, torí mo mọ ohun tí ọmọ aráyé ń ṣe níbi tí ojú kò bá tó.

Nínú oṣù Júláì, Àlàájà Bushrah gbé páálí mẹ́rin wá láti Fiditi. Kajú yíyan ni Àlàájà ń dì sínú ọ̀rá wa, tí wọ́n ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Wọn kò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n já ọ̀rá kan lójú mi, wọ́n da kajú inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Tíṣà."

Mo tọ́ ọ wò. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀pà sísè, òróró rẹ̀ sì ti ń rùn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré o," ni Àlàájà wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà ló máa fi wà bó ṣe wà. Kajú mi kọ́ ló bàjẹ́, ọ̀rá yín ni. Ẹ lọ wá ẹni tó ń ṣe yín, torí tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ibòmíràn ni mo máa gbà lọ."

Mo gé ọ̀rá náà, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Láàárín ìpele méjì tó dán, mo rí ìléròrò wẹ́wẹ́ bí èyí tó máa ń yọ lára ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Òmíràn ti bẹ́, ó ti di ihò. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹnìkan ń jí ojúlówó kóró àárín kó, ó sì ń fi kóró yẹpẹrẹ tí wọ́n yọ́ láti ara ọ̀rá ààtàn dípò rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn.

Ẹni mẹ́ta ló máa ń wà nídìí kóró àárín. Stephen, ẹnjiníà wa, jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí èmi náà ń lọ. Mo yọ tirẹ̀ kúrò, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi yọ ọ́ ju pé mo mọ ìyá rẹ̀ lọ. Lateefah ló ń gé ọ̀rá tó bá ti ká tán. Àpò kan kò ṣe é gbé fún un. Ó wá ku Ṣùkúrù, tó ń da kóró sínú ẹ̀rọ.

Ṣùkúrù! Ọmọ Akinmorin ni, ilé ìwé wa ní Fiditi ló sì ti ka prámárì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, mo bá bébà kan lábẹ́ tábìlì tí òun àti ọmọ mìíràn jọ jókòó sí. Ìwé Ṣùkúrù ni mo ya. Títí di òní, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ló ni bébà náà, ṣùgbọ́n òun ni ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún kíláàsì náà kà lọ́dún kejì. Nígbà tí mo tún bá a pàdé ní ilé-iṣẹ́ yìí, ó ti di baba ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Tíṣà mi!" Mo kí i dáadáa, àmọ́ nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, mo ní, mo mọ̀ ẹ́ o.

Mo wọ sítọ́ọ̀ lọ. Inú àpò onífàdákà tí wọ́n lẹ̀ pa gbọin ni kóró àárín ti ń wá láti òkè òkun, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́ nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Mo bá mẹ́ta tí wọ́n ti ṣí, tí wọ́n wá fi okùn dì lẹ́nu padà. Mo gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ó fi bí ìwọ̀n ife gàrí kan lé. Mo gbé èkejì, òun náà lé. Ẹ̀kẹta lé.

Ẹrù tí olè bá fọwọ́ bà, dídín ló ń dín. Ó yẹ kí ìyẹn dá mi dúró, kò dá mi dúró. Mo ní ó ti kó ojúlówó lọ, ó fi ayédèrú kún un padà, kò wá mọ̀ ọ́n wọ̀n. Bí ọkàn bá ti mú olè tán, kò sí ohun tí kò ní fi ṣe ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, òjò òwúrọ̀ dá, oòrùn yọ. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé yàrá tí mo ti ń yẹ ọ̀rá wò. Ṣùkúrù yọ lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ó gbé àpò onífàdákà kan lérí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gba ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ lọ, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé kan tí ọ̀gá kò kọ́ parí wà. Ó padà wá lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó tó wákàtí méjì, ó tún yọ́ lọ síbẹ̀, ó sì gbé àpò náà padà wọlé. Mo sọ fún ara mi pé, ó tán, ọwọ́ ti bà á. Mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

Agogo mẹ́rin ni ṣífítì ọ̀sán máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àárọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí géètì, àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń lọ. Níbẹ̀ ni mo ti ní kí Ṣùkúrù tú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kóró àárín ló dà jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan, ó funfun, ó ń dán.

"Kí lèyí?"

"Kóró ni, mà."

"Kí ló ń wá lápò ẹ?"

"Mo fi ń wò ó bóyá ó ti gbẹ ni, mà. Mo máa ń fi eyín gé e wò."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo gbé odidi àpò lọ lẹ́yìn sítọ́ọ̀?"

"Mo lọ sá a ni, mà."

"O lọ kí ni?"

"Mo sá a sóòrùn, mà."

"Rọ́bà lo sá sóòrùn?" Mo yíjú sí àwọn èrò. "Ṣé láfún ìyá ẹ ni?"

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọ̀gá pàápàá rín in. Mo rí Lateefah tó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wò ó, ó pa ẹnu náà dé, mo sì kọ orúkọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́kàn mi pé wọ́n jọ ń ṣe é ni. Òógùn ti bo Ṣùkúrù.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́..."

"Má pè mí ní tíṣà! Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ẹ́. Olè ni ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi, níwájú ogójì ènìyàn. Ọ̀gá ní kó fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni òun rò tí òun kò fi pe ọlọ́pàá. Ṣùkúrù bọ́ káàdì náà lọ́rùn, ó gbé e lé ọwọ́ ọ̀gá, ó sì jáde ní géètì láì wẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi rin gbogbo Ilora já. Kó tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ti dé Jobele. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọmọ Akinmorin kan jí odidi ẹ̀rọ gbé. Wọ́n ní ìyàwó Ṣùkúrù kò rí gàrí tà mọ́, pé àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í bóyá kò sí kóró rọ́bà nínú rẹ̀. Mo gbọ́. Mo ní ẹni tó bá ṣe ohun ìtìjú ni ojú yóò tì.

Stephen fúnra rẹ̀ ló dúró ti ẹ̀rọ lẹ́yìn tí Ṣùkúrù lọ. Àpò tuntun ló ń já, tó ń dà sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá dára. Mo gbé e sábẹ́ awò, kò sí ìléròrò kankan. Kí ni mo sọ? Olè lọ tán, ọ̀rá dára. Mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, àpò tuntun tán, ọkọ̀ tó ń kó òmíràn bọ̀ láti Apapa kò sì tíì dé. Ó ku àpò mẹ́ta tó lé lórí òṣùwọ̀n yẹn, tí mo ti tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Stephen ní kí n kó wọn jáde.

"Ayédèrú ni," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó, mà. Kóró ọ̀rá ààtàn kì í pẹ́ yọ́. Ojúlówó kóró àárín ló máa ń le koko mọ́ iná."

Ó gbé irin kan ka iná, ó da kóró ọ̀rá ààtàn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bu nínú àpò ẹ̀rí mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ti ààtàn yọ́ lọ́gán, ó ń fà bí ilá. Tèmi kò mira. Irin gbóná títí, kí ó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, bó sì ti ń yọ́ ló ń hó ṣùṣù, tí oru ń jáde lára rẹ̀.

"Ojúlówó ni, mà," ni Stephen wí. "Omi ló mu."

"Omi wo? Ta ló da omi sí i?"

"Kò sẹ́ni tó da omi sí i. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mu ún. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ nígbà òjò, bí iyọ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Ìdí tí wọ́n fi ń lẹ àpò rẹ̀ pa nìyẹn."

A ní ẹ̀rọ kan tí a fi ń gbẹ ẹ́, àmọ́ ó ti bàjẹ́ láti oṣù Karùn-ún, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Stephen ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. A da àpò kan sínú rẹ̀. Mo jókòó tì í fún wákàtí mẹ́fà, mi ò jẹun. Nígbà tí a kó o jáde, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́. Kò dín, kò lé. Ife gàrí tí mo fi mú olè, omi lásán ni.

Mo gba ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ lọ. Lórí kọnkéré ìpìlẹ̀ ilé yẹn, mo bá tapólì kan tí wọ́n ká dáadáa, òkúta mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń rò ó kó lè gbẹ káríkárí. Lateefah ti tẹ̀ lé mi débẹ̀.

"Mo máa ń bá a rò ó, mà," ló wí. "Gbogbo ṣífítì wa ló mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ wò mí ni, mà. Bí ẹ ṣe ń wò mí báyìí."

Mo gbé ojú mi sílẹ̀. Ó ní, "A kúkú rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó máa ṣe é." Mo bi í pé ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú mi wọ inú sítọ́ọ̀, ó nawọ́ sí ara ògiri. Ìwé ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà: KÓRÓ ÀÁRÍN GBỌ́DỌ̀ GBẸ DÁADÁA KÍ A TÓ DÀ Á SÍNÚ Ẹ̀RỌ. Lábẹ́ rẹ̀: TÍṢÀ MOBỌ́LÁ.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ kóró bàjẹ́ ni mo kọ ọ́, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo kọ pé kó gbẹ, mi ò kọ bí yóò ṣe gbẹ. Mi ò kọ pé kí wọ́n má ṣí àpò títí wọn yóò fi lò ó. Ẹni tí wọ́n bí sí Akinmorin, tí kò sí àpáta kan nílé wọn tí wọn kì í sá láfún sí, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Ó rí kọnkéré, ó rí oòrùn, ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ohun tí wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá nǹkan gbẹ náà ló fi dán an wò, eyín ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, bóyá ìbá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ni. Bó ṣe ń sá a tó, bẹ́ẹ̀ ló ń mu omi tó.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Akinmorin. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wọn ni mo bá a, ó ń yí láfún. Ó rí mi, ó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì dúró. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo parí, ó ní:

"Prámárì fáìfù, mà. Ẹ kó wa jáde ní kíláàsì. Ẹ fi omi rẹ aṣọ méjì, ẹ sá ọ̀kan sóòrùn, ẹ fi ìkejì sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ ní oòrùn ló ń fa omi kúrò lára nǹkan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ ní géètì lọ́jọ́ yẹn."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, lágbà mi yìí. Ó sáré di apá mi mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ síbí, mà. Kò sẹ́ni tó ń wò wá níbí àfi ewúrẹ́. Ibi tí ẹ ti pè mí lólè ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Ọ̀gá Olúṣínà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi lẹ́tà pè é padà," ló wí. "Tí ẹ bá lọ rojọ́ ara yín níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ló tún máa bẹ̀rù yín?" Mo ní kó pe gbogbo ènìyàn jọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní agogo mẹ́rin, mo dúró sí ojú ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Ṣùkúrù àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí ọ̀kadà wọn lẹ́yìn géètì, wọn kò wọlé. Mo ní, "Ṣùkúrù kò jí ohunkóhun. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri pé kóró gbọ́dọ̀ gbẹ, mi ò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́. Ó sọ òtítọ́ fún mi níbí yìí, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Èmi ni mo jẹ̀bi." Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ṣùkúrù fi etí gèlè nu ojú. Òun fúnra rẹ̀ mi orí, ó ṣáná sí ọ̀kadà, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo rò pé ó ti tán. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀, àmọ́ mo rò pé mo ti ṣa gbogbo èyí tó fọ́. Ní agogo méje àárọ̀ Wẹ́sìdeè náà, Ṣùkúrù gbé àpò kóró àárín. Kò gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Yàrá mi ló gbé e wá, ó gbé e ka orí òṣùwọ̀n.

"Ẹ wò ó, mà."

"Ṣùkúrù, kò pọn dandan."

"Ẹ wò ó, mà."

Mo wò ó. Ó wá fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta, inú wọn funfun, òfìfo, wọ́n ń fì níta bí etí ewúrẹ́. Ó dúró títí mo fi mi orí. Lẹ́yìn náà ló tó gbé àpò rẹ̀ lọ.

Oṣù márùn-ún rèé. Ọyẹ́ ti dé, Àlàájà ṣì ń ra ọ̀rá lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ìléròrò mọ́. Kò sí àpò kan tí Ṣùkúrù dà sínú ẹ̀rọ tí kò kọ́kọ́ gbé wá bá mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti rán Stephen sí i. Mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn nígbà kan, torí inú mi kò dára. Kì í bínú. Ó ní kò sí wàhálà, mà, kí n ṣáà wò ó. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, ó ń bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ní kó má pè mí ní tíṣà, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ní àárọ̀ yìí náà, ó gbé àpò dé, ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta. Mo wò ó.